Ẹ má fi ọmọ ṣe ìdógò owó oúnjẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin wa tó béèrè pé bàbá àwọn ọmọ òun ti kó jáde láti oṣù mẹ́jọ, kò fowó oúnjẹ ránṣẹ́, ó wá ń halẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá kó wọn torí bàbá ló lọmọ, pé ṣé kóun má jẹ́ kó rí wọn mọ́ títí tó fi máa sanwó. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Mo ti ṣe é rí, mo sì jẹ̀bi lórí ẹ̀.

Èmi àti bàbá ọmọ mi, ìdána nìkan la ṣe, a ò dé rẹ́jísírì. Ọmọ wa jẹ́ ọdún márùn-ún nígbà tí bàbá ẹ̀ kó jáde. Àwọn àgbà ìdílé kọ́kọ́ pè wá jókòó, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á máa fún mi ní 20,000 lóṣù, gbogbo wa ṣàmín, kò sẹ́ni tó mú bírò. Oṣù méjì ló san. Mo lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà láìdé kọ́ọ̀tù, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ àdéhùn, a sáìn ín, ó tún san oṣù mẹ́ta, ló bá dákẹ́. Inú wá bí mi débi pé mo ní kò ní fojú kan ọmọ mọ́, tó bá pè mi ò ní gbé e, mo sì sọ fún skúùlù pé wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọlé. Oṣù méje gbáko.

Ìgbà tá a dé kọ́ọ̀tù, ibi tí mo rò pé màá ti borí, adájọ́ bi mí pé, "Ìyá, ṣé ọmọ ló jẹ yín lówó ni?" Mi ò rí nǹkan sọ. Ó ní ẹ̀tọ́ ọmọ ni kí bàbá ẹ̀ bọ́ ọ, ẹ̀tọ́ ọmọ náà ni kó rí bàbá ẹ̀, ìkan ò dúró de ìkejì. Ó kọjú sí bàbá náà, ó ní pé o ò rọ́mọ kì í ṣe àwáwí láti má sanwó.

Bàbá ló lọmọ yẹn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003, tí Èkó ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2007, ire ọmọ ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò, ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 sì lọmọdé. Abala 14 nínú ti 2003 yẹn ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn òbí ẹ̀, bí agbára wọn bá ṣe mọ. Òbí ni wọ́n kọ o, kì í ṣe bàbá nìkan, wọ́n máa bi ẹ̀yin náà pé èló lẹ̀ ń rí.

Bí agbára bá ṣe mọ yẹn ló nà mí. Mo béèrè 80,000, rísíìtì kankan ò sí lọ́wọ́ mi, òun ní mẹkáníìkì lòun, ó tún ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tóun san yẹn, ìgbà mẹ́rin lòun tún ká owó lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi hàn? 25,000 ni wọ́n dá, pẹ̀lú ìdajì owó skúùlù tó máa san tààrà sí àkáǹtì skúùlù. Ọmọ wà lọ́dọ̀ mi, òun á máa wá mú un ní Sátidé.

Torí náà láti òní lọ, ẹ máa kọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá rà fún wọn sílẹ̀, gààrí, sálúbàtà, oògùn ibà, ẹ tọ́jú rísíìtì. Owó tó bá fẹ́ san, kó gba báǹkì, kó kọ owó oúnjẹ ọmọ sí i. Tó bá fẹ́ rí wọn báyìí, kó jẹ́ nílé àgbà kan tẹ́ ẹ jọ fọkàn tán, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí skúùlù pé kẹ́nikẹ́ni má mú wọn lọ láìjẹ́ pé ẹ gbọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹni tó ń lù yín tàbí tó ń lu ọmọ, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, kọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún kíákíá. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà tí owó lọ́yà ò sí, Office of the Public Defender, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń fún ẹni tí ò lówó ní lọ́yà, ò gba owó.

Ọmọ mi ti pé mọ́kànlá, bàbá ẹ̀ ṣì máa ń pẹ́ sanwó. Sátidé tó kọ́kọ́ wá mú un lẹ́yìn oṣù méje yẹn, ọmọ ò sáré lọ bá a. Ẹ̀yìn mi ló sá sí, ó ń wojú mi bóyá mo gbà kó lọ. Títí dòní mi ò tíì gbàgbé ojú yẹn.