Kẹ̀kẹ́ aláìníjíà lórí òkè ọ̀nà oko: bíréèkì ń yọ̀, pẹ́dà ń já, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní abúlé kan lápá ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì ń gbé. Kí n tó dé ilé ìwé, ọ̀nà oko tóóró kan wà tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, tó tún gun òkè ní òdìkejì. Kẹ̀kẹ́ mi ni irú èyí tí àwọn bàbá wa ń gùn, onírin dúdú, bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe oníwáyà, kò sì ní jíà. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò, bíréèkì a máa yọ̀ bí ẹni pé n kò tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ń gòkè, pẹ́dà a já wálẹ̀ lójijì. Ó ti gbá mi lójúgun lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì máa ń di ìwé àwọn ọmọ àti kẹ́ẹ̀gì omi sí káríà. Ṣé kí n lọ ra oníjíà ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu, olùkọ́. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìsọ̀kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òkè gígùn ń tán ni lókun lásán ni, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe ni léṣe.

Lórí irú kẹ̀kẹ́ yín, ọ̀pá irin ló ń fa rọ́bà bíréèkì sókè kó lọ tẹ inú rímù, níhà tó kọjú sí àárín wíìlì. Irin tí wọ́n fi kóróòmù bò ni rímù náà. Bó bá gbẹ, rọ́bà á dì í mú. Bí omi bá bò ó, á máa yọ̀ bí àwo tó ṣì ní ọṣẹ lára. Kò sí àtúnṣe tí yóò mú kí rímù onírin dúró nínú òjò bíi tìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí rọ́bà kọ́kọ́ nu omi kúrò. Bó bá ku bíi 20 mítà kí ẹ dé ibi tó dà, ẹ rọra fi bíréèkì kan rímù kí wíìlì yí bíi ìgbà mẹ́sàn-án. Ìgbà yẹn lẹ ó tó mọ̀ bóyá bíréèkì wà lóòótọ́, nígbà tí ẹ ṣì lè bọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ẹ̀bi fún òjò, ẹ yẹ bíréèkì náà wò lálẹ́ òní. Ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tó lè dé. Bí àyè tó kù láàárín òun àti ibi tí ẹ dì mú kò bá gba ìka méjì, ó ti lọ jìnnà jù. Ẹ fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó so àwọn ọ̀pá pọ̀, ẹ fa ọ̀pá títí àyè tó wà láàárín rọ́bà àti rímù yóò fi ku mìlímítà 2 sí 3, kí ẹ dè é padà. Ẹ wá yí wíìlì. Bí rọ́bà bá ń kan rímù níbì kan tí kò kàn án níbòmíràn, wíìlì ló wọ́. Sípóòkù ni kí wọ́n fà, ẹ má ṣe tú bíréèkì sílẹ̀ láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Rọ́bà tí ojú rẹ̀ ń dán, ẹ fi sáńpépà há a. Èyí tó ti jẹ débi pé ilà ojú rẹ̀ ti parẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì ṣéènì a sì máa ta sí rímù ẹ̀yìn láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ rímù méjèèjì.

Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ bíréèkì iwájú, kí ẹ tì í síwájú dáadáa: wíìlì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gbéra nílẹ̀. Ẹ tẹ ti ẹ̀yìn, ẹ tún tì í: wíìlì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wọ́ nílẹ̀ láìyí. Bí ọ̀kan bá kùnà nínú méjèèjì, ẹ má gbé e sọ òkè yẹn kalẹ̀.

Lórí òkè lọ́hùn-ún ni kí ẹ ti dín eré kù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí ẹ máa lò kí ẹ tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá kan tí ọwọ́ fi ń dé ibi bíréèkì ti gbé yín kọjá mítà 8. Ẹ sún ìdí sẹ́yìn lórí ìjókòó, kí pẹ́dà méjèèjì wà lọ́gbọọgba, kí ìgbọ̀nwọ́ rọ̀. Lójú ilẹ̀ líle tó gbẹ, bíréèkì iwájú ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí gbogbo ìwúwo ń ṣí síwájú. Lórí yangí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: wíìlì iwájú tó bá dì níbẹ̀ kò ní gbọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ gbé ara lé ti ẹ̀yìn, kí ẹ máa fi ti iwájú kàn án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa tú u. Ibi tí ọ̀nà bá ti tọ́ ni kí ẹ ti parí bíréèkì, kì í ṣe inú kọ́nà. Bí àgbàrá bá ti gbẹ́ ọ̀nà, ẹ má bọ́ sínú ojú àgbàrá náà. Bí ẹ bá máa sọdá rẹ̀, ẹ dábùú rẹ̀ gbọnrangandan, torí bí ẹ bá gbà á ní ẹ̀gbẹ́, etí rẹ̀ á gba táyà iwájú lọ́wọ́ yín. Lásìkò kajú, èso tó já sílẹ̀ lábẹ́ igi yọ̀ bí ilá.

Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń gbà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko tó gba ọkọ̀ kan ṣoṣo kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ibi tí kò sí kòtò ni ọlọ́kadà ń gbà. Nítorí náà, ẹ má sáré ju èyí tí ẹ fi lè dúró láàárín ìlàjì ibi tí ojú yín tó. Ìlàjì kejì, ti ẹni tó ń bọ̀ ni. Ní kọ́nà tí igbó bò, ẹ lu agogo kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ó wá ku pẹ́dà tó ń já. Ẹ kíyè sí bó ṣe ń já. Bó bá fò lẹ́ẹ̀kan péré tí ẹsẹ̀ sì tún bá agbára pàdé, ṣéènì ló fo eyín. Bó bá ń yí lófo, tí kẹ̀kẹ́ kò rìn, inú firíwìlì ni, ìyẹn irin eléyín àárín wíìlì ẹ̀yìn tí ṣéènì ń yí: àwọn èékánná kéékèèké tó ń há mọ́ eyín inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gírísì tó ti gan. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ẹ kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Bó bá ń mì lójú kan náà nígbàkígbà tí pẹ́dà bá yí, kọ́tàpín ló ti jẹ, ìyẹn irin tó há apá pẹ́dà mọ́ ọ̀pá àárín. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kọ́ ló ń fà á wọlé, òòlù ni, kí nọ́ọ̀tì tó wá dì í mú. Kí wọ́n sì fi igi tó le gbé apá pẹ́dà náà ró nísàlẹ̀ kí wọ́n tó lù ú.

Ní tiyín, ojú mi wà lára ṣéènì. Ẹ fi rúlà ínǹṣì 12 wọ̀n ọ́n, láti àárín pín kan sí àárín pín kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ṣì dára, yóò jẹ́ ínǹṣì 12 géérégé. Bó bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ wo eyín firíwìlì. Eyín tuntun dúró ṣánṣán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Èyí tó ti jẹ á tẹ̀ sí apá kan bí ìwọ̀ ẹja, ẹnu rẹ̀ á sì mú. Ṣéènì tuntun lórí irú eyín bẹ́ẹ̀ á máa fò ju ti àtijọ́ lọ, ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa jèrè. Bó bá jẹ́ eyín 46 ló wà níwájú, tí 18 wà lẹ́yìn, tí wíìlì sì jẹ́ ínǹṣì 28, bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á rìn tó mítà 5.7. Ẹ béèrè firíwìlì eléyín 22. Á di bíi mítà 4.7, òkè kan náà á sì fúyẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ máa pàdánù eré díẹ̀ lórí títì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ṣéènì tuntun sí gígùn ti tẹ́lẹ̀; ó lè gba ínǹṣì kan lé sí i. Bí ẹ bá fi ìka tẹ àárín rẹ̀, kó lọ sókè sódò tó sẹ̀ǹtímítà kan sí kan ààbọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí òkè náà ṣe ga tó, ẹ gbé igi mítà kan sí ojú ọ̀nà, kí orí rẹ̀ kan fi ara kan ilẹ̀ níhà òkè, kí ẹ gbé orí kejì sókè títí igi yóò fi tẹ́jú. Ìgò tí omi wà ní ìlàjì rẹ̀, tí ẹ gbé dùbúlẹ̀ lé e, á fi hàn. Ẹ wọn àyè tó wà lábẹ́ orí kejì náà. Sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ lè gùn ún. Bó bá ti ń sún mọ́ 10, eyín 22 á gbé yín bí kò bá gùn. Bó bá kọjá 12, tí yangí sì wà nílẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń rìn, kí ẹ máa tì í. Ẹni tó dúró dìgbà tí kẹ̀kẹ́ dúró ló ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń gùn ún, ẹ jókòó: bí ẹ bá dìde dúró lórí yangí, ìwúwo á kúrò lórí wíìlì ẹ̀yìn, á sì máa yí lófo.

Oníjíà ńkọ́? Tokunbọ̀ tó ní eyín 28 níwájú àti 28 lẹ́yìn, pẹ̀lú wíìlì ínǹṣì 26, á rìn bíi mítà 2 bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè gun ibi tí tiyín kò ní gùn láéláé. Ṣùgbọ́n kí owó tó jáde, ẹ wo rímù rẹ̀. Bó bá jẹ́ alumíníọ́mù, bíréèkì rẹ̀ á mú nínú òjò ju tiyín lọ fíìfíì, èmi a sì rà á tìtorí ìyẹn nìkan. Kí ẹ sì ti yí jíà kí ẹ tó dé ìdí òkè, torí ṣéènì tó ti ń gbé ìwúwo kì í fẹ́ ṣí.

Kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ gbé e kúrò lórí káríà. Omi lítà 20 jẹ́ kìlógíráàmù 20, ó sì wà lẹ́yìn, lókè. Bí ẹ bá ń gòkè, iwájú kẹ̀kẹ́ á fúyẹ́ débi tí ọwọ́ kò fi ní darí rẹ̀ mọ́. Ẹ pín in sí kẹ́ẹ̀gì lítà 10 méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí wọ́n rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́bàá wíìlì, kí ẹ sì rọ wọ́n kún dé ẹnu. Omi tí kò kún á máa bì síbí bì sọ́hùn-ún, á sì máa ti kẹ̀kẹ́ ní gbogbo kọ́nà. Ìwé ni kó wà lórí káríà, kí ẹ fi rọ́bà túùbù dì í pinpin.