Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sá máráthọ́nì

Ọ̀rọ̀ eré sísá ló kún àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí, ó jọ pé gbogbo Àkúrẹ́ ló fẹ́ di eléré. A mú mẹ́rin níbẹ̀, ẹ̀yin tó kù ẹ má bínú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí, Ìjàpò ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 34. Àwa mẹ́rin níbi iṣẹ́ la jọ pinnu pé a máa lọ sá máráthọ́nì Èkó ní February tó ń bọ̀, ó ku oṣù márùn-ún. Mo gbìyànjú ẹ̀ láàárọ̀ àná, n ò tíì sá dé géètì ẹ̀stéètì tí èémí fi fẹ́ bọ́, ojúgun ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí ká gbàgbé ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìgbìyànjú o, tíṣà wa. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe 42 yẹn. Máráthọ́nì ò ní kékeré, kìlómítà 42 àti mítà 195 ni níbi gbogbo láyé látọdún 1921 tí wọ́n ti fòǹtẹ̀ lù ú, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kéèyàn sáré láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè kó tún sáré padà wálé. Ètò ọ̀sẹ̀ 16 tàbí 20 tẹ́ ẹ máa ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, àwọn tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó lè sá kìlómítà 8 láìdúró, kì í ṣe ẹni tí géètì ẹ̀stéètì ṣì ń dá dúró. Àmọ́ eré kìlómítà 10 wà ní Èkó náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń sá a, ìyẹn ni kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ fún. Èyí tó sún mọ́ wa jùyẹn lọ ni ti Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Edo, kìlómítà 10 lòun náà, àmọ́ òkè wà níbẹ̀ o.

Èémí tó fẹ́ bọ́ yẹn, eré yín ló yára jù, kò sí nǹkan míì. Eré tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré ni ti íntà-háósì, wọ́n fun fèrè, o fò ó mọ́lẹ̀, mítà 100 ti parí. Eré jíjìn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ débi pé ẹ lè máa bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀, gbólóhùn tó délẹ̀ o, kì í ṣe "ẹ̀ẹ́n... rárá... dúró ná". Tọ́rọ̀ bá ti ń gé lẹ́nu yín, ẹ dín eré kù, tó bá ṣì ń gé, ẹ rìn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 1 sáré, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 rìn, kẹ́ ẹ ṣe é bí ìgbà 8 sí 10, ó ti tó fún ọjọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ọjọ́ ìsinmi sáàárín. Tó bá ti rọrùn, ẹ sọ eré di ìṣẹ́jú 2, lẹ́yìn náà 3, báyìí báyìí títí ẹ ó fi lè sá ìṣẹ́jú 30 láìdúró, ìyẹn lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ibi tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn rèé: ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń mọ́ eré lára, àmọ́ egungun àti iṣan tó dè é mọ́ra kì í tètè gbọ́. Tí èémí bá wá já geere báyìí, ẹni náà á rò pé òun ti dé, á lọ fi kìlómítà mẹ́ta kún un lọ́sẹ̀ kan, ibẹ̀ ni ojúgun á ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Tó bá ń dùn yín tó jẹ́ ojú kan ṣoṣo lẹ lè fìka tẹ̀ lójú egungun, ẹ má sá eré kankan mọ́, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Ẹ má lọ sáré ní títì Ọba Adésídà, ọ̀kadà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn. Inú ẹ̀stéètì yẹn tó yín, tàbí Alágbàka láàárọ̀ Sátidé kí mọ́tò tó jáde, kẹ́ ẹ sì máa kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí i. Ìdájí ló dáa jù torí tí oòrùn bá ti ràn, agbára tó yẹ kí ara fi sáré ló máa fi ń wá bó ṣe máa tutù. Ọyẹ́ máa dé kí February tó pé, ọjọ́ tí eruku bá bolẹ̀ débi pé ẹ ò rí ilé ọ̀ọ́kán mọ́, ẹ jókòó sílé jàre. Ti ajá, ẹ dúró kẹ́ ẹ rìn kọjá, tẹ́ ẹ bá sá fún un, ó ti di eré nìyẹn. Ẹ̀yin mẹ́rin náà ẹ má máa bára yín figagbága, ẹni tí eré ẹ̀ kéré jù ni kó ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń taṣọ ní ìlú Ondo. Mo ti sá kìlómítà 21 rí, 42 ló kàn. Èmi àti iyán ò lè pínyà, ṣé kò ní dí mi lọ́wọ́? Ìyá ọkọ mi tún ní eré báyìí máa ń ba ilé ọmọ jẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ń dà mí láàmú.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí màmá o. Kì í ṣe àwọn nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó pàápàá rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún 1972 ni wọ́n tó gba obìnrin láàyè ní máráthọ́nì Boston, 1984 ni ti obìnrin tó wọ Òlíńpíìkì. Joan Benoit ará Amẹ́ríkà ló gbégbá orókè lọ́dún yẹn, ó sì bímọ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ lè sọ ìyẹn fún màmá. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé tóbìnrin bá ń sáré púpọ̀ tí kò jẹun tó, nǹkan oṣù ẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Tẹ́ ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi kún oúnjẹ, kẹ́ ẹ rí dókítà.

Iyán ò ṣe nǹkan kan, àní òun gan-an lẹ nílò. Iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì, àwọn yìí ni ara ń kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ láti fi ṣagbára, ìwọ̀n tí ara lè kó sì máa ń fẹ́ tán téèyàn bá ti ń sún mọ́ kìlómítà 30, ibẹ̀ lẹ ti máa ń rí àwọn ọkùnrin pákáǹleke tí wọ́n jókòó sẹ́bàá títì. Torí náà ẹ má dúró kébi dé, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí wákàtí àkọ́kọ́ ẹ máa ju nǹkan sẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, dàbínù, súgà onígun, èyí tí inú yín bá gbà. Ibi eré gígùn òpin ọ̀sẹ̀ lẹ ti máa dán an wò, kì í ṣe ọjọ́ eré gan-an. Ẹ jẹ iyán lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, kó má di alẹ́, tílẹ̀ bá mọ́ ẹ jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì tàbí kẹ́ ẹ mu ògì tó ní súgà, ó kéré tán wákàtí 2 kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín ni kẹ́ ẹ mumi. Gbogbo tábìlì tí wọ́n bá to pure water sí kọ́ lẹ gbọ́dọ̀ dúró, omi àmujù máa ń jẹ́ kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì ti pa eléré rí. Eré yín tó gùn jù, nǹkan bí kìlómítà 30, kó parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dọjọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa dín in kù, ẹsẹ̀ á máa yún yín, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ra kọ́mú eré ìdárayá tó mú dáadáa, ẹ fi òrí tàbí fásilíìnì pa abẹ́ ẹ̀ àti àárín itan. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, á rántí nígbà tómi ìwẹ̀ bá kàn án.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí, ẹ̀gbọ́n mi. Kánfáàsì òkìrìkà ni mò ń wọ̀ sáré, èékánná ẹsẹ̀ mi méjì ti dúdú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tàbí kí n lo ibuprofen kí n tó jáde kórúnkún má bàa dùn mí.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, bàtà ẹ kéré. Ẹsẹ̀ máa ń wú téèyàn bá sáré pẹ́, torí náà ìrọ̀lẹ́ ni kóo lọ ra bàtà, kí àyè ìbú àtàǹpàkò kan ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Òkìrìkà ò burú o, ṣáà fàtàǹpàkò tẹ ìtẹ̀lẹ̀ ẹ̀, tó bá le gbagidi, fi í sílẹ̀ fún wọn. Àgbo yẹn, ògógóró ni wọ́n sábà fi ń rẹ ẹ́, má mu ún. Ibuprofen nígbà tí omi ti dín lára ẹ, kíndìnrín ló máa jìyà ẹ̀. Orúnkún tó nílò oògùn kó tó lè sáré, ìsinmi ló ń wá.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ọdún 61, Òkè Àró ni mò ń gbé. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé mo lè bá wọn sá a?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà o, sà. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà yín, kẹ́ ẹ mú oògùn yẹn dání, torí òmíì máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ púpọ̀, òmíì kì í jẹ́ kí ọkàn yára bó ṣe yẹ, àwọn méjèèjì ló ní bí wọ́n ṣe ń kan eléré. Kẹ́ ẹ tó gbọ́ èsì, ìrìn ìṣẹ́jú 30 láràárọ̀ ò lè pa yín lára. Tí àyà bá fún yín tàbí tí òòyì kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ parí èyí tó kù. Kẹ́ ẹ mú fóònù dání, kẹ́ ẹ sì máa sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà fún màmá kẹ́ ẹ tó jáde.