Fọ́tò Àtijọ́ Nínú Ìwé Ìtàn: Ta Ló Ni Ẹ̀tọ́ Rẹ̀?

Ìbéèrè: Mò ń kọ ìwé ìtàn, mo sì ra àlíbọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ya àwọn fọ́tò inú rẹ̀ ní 1935. Nígbà tí wọ́n ti pẹ́ tó báyìí, tó sì jẹ́ pé èmi ni mo rà wọ́n, ṣé kí n kàn kọ ibi tí mo ti rí wọn sábẹ́ wọn, kí n sì tẹ̀ wọ́n jáde?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ wọ́n. Bébà lẹ rà. Ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn àṣẹ láti ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ kan kí a sì gbé e síta, lè ṣì wà lọ́wọ́ onífọ́tò tàbí àwọn àrólé rẹ̀. Orúkọ tí ẹ kọ sábẹ́ fọ́tò kì í ṣe àṣẹ.

“Ó ti pẹ́” yìí ló ń kó àwọn òpìtàn sí wàhálà jù. Lọ́pọ̀ ibi, ọjọ́ orí fọ́tò kọ́ ni òfin ń kà. Ní Yúróòpù, ọdún tí onífọ́tò kú ni wọ́n sábà máa ń wò, wọ́n á wá fi ọdún 70 lé e. Bí ẹni tó ya tiyín bá kú ní 1990, ó di ìparí 2060 kí ẹ̀tọ́ náà tó tán. Ní Amẹ́ríkà, fọ́tò tó jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1929 ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ láti January 1, 2025, nítorí ọdún 95 tí òfin fún un láti ìgbà tó jáde ti pé. Ṣùgbọ́n èyí tí kò jáde rí, tí a kò sì mọ ẹni tó yà á, ọdún 120 ni láti ọjọ́ tí wọ́n yà á: ti 1935 di ìparí 2055. Ẹ ò rí i pé fọ́tò tẹ́nikẹ́ni kò rí rí, èyí tí òpìtàn ń wá lójú méjèèjì, òun gan-an ló léwu jù!

Ẹ yí ẹ̀yìn fọ́tò wò fún òǹtẹ̀ onífọ́tò àti nọ́ńbà. Ẹ wádìí ìgbà tó kú, àti bóyá fọ́tò náà ti jáde níbì kan. Tí ẹ bá rí àrólé, ẹ gba àṣẹ ní kíkọ: iye ẹ̀dà, èdè, orílẹ̀-èdè, èèpo ìwé, àti ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣẹ fún ẹ̀dà 1,000 kò kan àtúntẹ̀. Owó tí ilé àkójọ ìtàn gbà fún ẹ̀dà kò ní kí oníǹkan má pè yín lẹ́jọ́. Ẹ ka ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí dáadáa. Ẹ ka àdéhùn atẹ̀wétà náà, torí ó sábà máa ń sọ pé òǹkọ̀wé ni yóò san owó ìtanràn.

Bí lẹ́tà yín kò bá rí èsì, ìyẹn kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹ tọ́jú gbogbo lẹ́tà náà pẹ̀lú déètì wọn, kí ẹ sì kó wọn lọ bá lọ́yà níbi tí ẹ ti fẹ́ ta ìwé náà, torí òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, n kò sì tíì rí fọ́tò yín.