Pásítọ̀ ní kí n panu mọ́

Àbúrò mi ní Ìkòròdú,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní ọmọ ọdún 14 kan ní kíláàsì Sunday school rẹ sọ pé ọ̀gá akọrin máa ń dá òun dúró lẹ́yìn ìdánrawò, á máa fọwọ́ pa òun lára. Ó ti pẹ́ tó ti ń wọ suwẹ́tà nínú ooru, o rò pé ibà ni. Pásítọ̀ yín ní àwọn á gbé ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn, kí o má fọwọ́ kan ẹni òróró Olúwa. O wá ń bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni bí o bá sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Inú Sáàmù 105 ni ọ̀rọ̀ ẹni òróró tí pásítọ̀ fi dẹ́rù bà ọ́ ti wá. Kà á láti ẹsẹ 12: àwọn ọba ni Ọlọ́run ń bá wí nítorí àwọn àlejò kéréje tí kò ní alágbèjà. Láàárín ọ̀gá akọrin àti ọmọ yìí, ta ni kò ní alágbèjà?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka mìíràn yẹn ló bí mi nínú jù. Ṣé kò sọ́mọ níbẹ̀ ni? Láti 1982 ni àwọn aṣáájú kan nínú Ìjọ England ti mọ̀ pé John Smyth, agbẹjọ́rò kan tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ ní àgọ́ Kristẹni, ń na àwọn ọmọkùnrin nínàkunà, wọn ò fi tó ọlọ́pàá létí. Ní 1984 ó kó lọ sí Zimbabwe, ó tún ń na ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Ó kú ní 2018 láìsí ilé ẹjọ́ kankan tó dá a lẹ́bi. Justin Welby, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà, ìyẹn aṣáájú àgbà Ìjọ England, kò na ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbọ́ ní 2013, kò sì tọpa rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nítorí ìyẹn ló ṣe fipò sílẹ̀ ní 2024. Pásítọ̀ yín náà ti gbọ́ báyìí. Ẹrù ti di tiẹ̀.

Sọ fọ́mọ náà pé o gbà á gbọ́, má sì máa tú u wò bí agbẹjọ́rò. Lọ bá ìyá rẹ̀ lónìí, kí ẹ jọ pe àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ yìí: 08000333333, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá ju ìfọwọ́pani lọ, ẹ tètè gbé e lọ sí Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò, ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Wọn kì í gbowó. Kọ èsì tí pásítọ̀ fún ọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.

O ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n lè gbà á lóòótọ́. Síbẹ̀, lọ bá ìyá ọmọ náà kí wọ́n tó tún ṣe ìdánrawò.