Ọdún tí mo fi ń kọ Yorùbá bí ẹni ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ béèrè bóyá òǹkọ̀wé ti sọ ohùn ara rẹ̀ nù nígbà tí ohun tí ó kọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò bá jọ ti ìsinsìnyí mọ́. Ìrírí tèmi nìkan ni mo lè fi dá yín lóhùn.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, D. O. Fágúnwà, tí ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, ni mo ń sín jẹ. Bí ó ṣe máa ń to ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra lé ara wọn lórí ni èmi náà ń ṣe, àmọ́ ẹ̀rín wà nínú tirẹ̀, tèmi kò sì ju àtòjọ lásán lọ. Òwe mẹ́sàn-án ni mo kó sí ojú ewé kan ṣoṣo nínú àròkọ kan tí mo ṣì tọ́jú.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó burú. Mo gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan, mo sì ń túmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà. Kí n tó mọ̀, ‘pinnu’ ti di ‘ṣe ìpinnu’ lọ́wọ́ mi, ‘ràn án lọ́wọ́’ ti di ‘ṣe ìrànlọ́wọ́ fún un’, kò sì sí ẹni tí ó bá mi wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́. Ìyá mi ni ó là mí lójú. Mo ń ka ìtàn kan tí mo kọ sí i létí ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé, ‘A pa bàbá náà láti ọwọ́ àwọn adigunjalè.’ Wọ́n ní, ‘Dúró ná. Àwa wo ni a pa á? Ṣé ìwọ náà wà níbẹ̀ ni?’ Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun ọjọ́ náà kò kún ojú mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún un kọ: ‘Àwọn adigunjalè pa bàbá náà.’

Láti ìgbà náà, n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì kà á sókè, ibi tí n kò bá ti lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá mi ni mo máa ń tún ṣe. Ó tó ọdún mẹ́rin kí ‘láti ọwọ́’ tó yé yọjú fúnra rẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé gbólóhùn gígùn ìgbà èwe mi padà wá, ṣùgbọ́n ìṣe ènìyàn ni ó ń mú un gùn báyìí, pé ẹnì kan dìde, ó mú igbá, ó bu omi, ó gbé e fún àlejò. Òwe kan ṣoṣo sì lè tó odindi ìtàn.

Ní ti ohùn tí ẹ ní ó sọnù, mo rí àwọn lẹ́tà tí mo kọ sí ìyá mi ní àwọn ọdún rédíò yẹn. Kò sí ‘ṣe ìpinnu’ kankan nínú wọn.