Yọ Ìwé Ara Ògiri Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Màmá Aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsimi. Ìlọrin ni mò ń gbé, mo ti pé ọmọ ọdún 29. Láti 2022 ni mo ti ń ṣe ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè máa fi rí owó, nítorí ohun tí mò ń rí nídìí fóònù tí mò ń tún ṣe kò tó mi ná. Ìkànnì márùn-ún ni mo ní báyìí: ti ìròyìn bọ́ọ̀lù, ti ibi tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́, ti oúnjẹ, ti àyẹ̀wò fóònù tuntun, àti ti Bitcoin. Mo kọ àfojúsùn mi sínú ìwé gàdàgbà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá mi: "₦500,000 lóṣooṣù." Àpapọ̀ ohun tí AdSense, ètò tí Google fi ń sanwó ìpolówó fún oníkànnì, ti kà fún mi lórí gbogbo wọn kò tíì pé dọ́là 14. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? (Oníkànnì Márùn-ún, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ yọ ìwé ara ògiri yẹn ná. Kì í ṣe pé owó náà pọ̀ jù fún ọ. Ohun tí mo rí sí i ni pé tí o bá jí láàárọ̀ tí o gbójú sókè wò ó, kò lè sọ ohun tí wàá ṣe kí oòrùn tó wọ̀ fún ọ. Ó kàn ń wò ọ́, ìwọ náà ń wò ó.

N kò ní pa òwe eléku méjì fún ọ. O ti mọ̀ ọ́n, eku tìẹ sì ti di márùn-ún. Ohun tí ojú tèmi rí ni màá sọ.

Ní 2017, ọmọkùnrin mi tó wà ní Poly nígbà náà ló bá mi ṣí ìkànnì kan. Ó ní mo lẹ́nu, kí n máa kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi síbẹ̀. Ni mo bá da gbogbo ohun tó jẹ mọ́ obìnrin síbẹ̀: gèlè, àtíkè, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ọmọ tó ń hu eyín, ọkọ tí kì í tètè wálé. Oṣù mẹ́jọ, àròkọ 64. Àwọn tó ń kà á ni èmi, ọmọ mi, àti àbúrò mi kan ní Houston tó ń ṣí i nítorí àánú mi. Tí o bá bi mí léèrè àfojúsùn mi nígbà yẹn, màá ní, "Kí owó ṣáà máa wọlé." Ìwọ tiẹ̀ sàn jù mí lọ, ìwọ dárúkọ iye.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi kan kọ ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ síwájú nínú ẹ̀rọ Butterfly mi. Ẹ̀rọ kò mú òwú ìsàlẹ̀ mọ́. Kí n tó ti ọjà dé, ó ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ bí ẹni fẹ́ pa ewúrẹ́, aṣọ ìkómọ oníbàárà sì wà nílẹ̀ tó yẹ kó jáde lọ́la. Inú bí mi débi pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó kọ ọ́. Mo ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ilé ní apá kan tó tẹ́jú lókè, apá kejì sì ní ojú ọ̀nà tóóró kan tó gùn wálẹ̀ títí dé ihò. Ìhà ojú ọ̀nà tóóró yẹn ni òwú gbọ́dọ̀ gbà wọ ihò. Tí o bá yí i padà, ṣọ́tù tó ń gbé òwú nísàlẹ̀ ẹ̀rọ á kàn máa yí lásán, kò ní rí òwú gbé. Mo gbé abẹ́rẹ́ náà lé àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi sí i. N kò tiẹ̀ kà á kún nǹkan.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ mi ṣí Google Search Console fún mi, níbi tí Google ti máa ń fi ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó kàn ọ́ hàn ọ́. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí: ẹni mẹ́ta. Ọkọ tí kì í tètè wálé: kò sẹ́nì kankan, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí mo rò pé a pọ̀. Abẹ́rẹ́: ẹni 212. Wọ́n ti Kánò wá, wọ́n ti Accra wá, wọ́n ti Nairobi wá.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Ohun tí mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nìyí: "Kí oṣù mẹ́ta tó pé, màá ti dáhùn ìbéèrè 40 tí àwọn aránṣọ máa ń bi mí nípa ẹ̀rọ Butterfly ẹlẹ́sẹ̀. Ìbéèrè kan, ojúewé kan. Fọ́tò tèmi." Kò sí náírà nínú rẹ̀, kò sí dọ́là. Ọjọ́ tí mo bá ṣí i, mo mọ ohun tó kàn: ó ku 31, ó ku 30. Abẹ́rẹ́ 11 fún ṣìfọ́ọ̀nù, 14 fún àǹkárá, 16 fún jíǹsì. Béńtì (okùn tó ń yí ẹ̀rọ) tó ń yọ̀. Ibi tí a ń kán epo sí, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ kán an sí bí a kò bá fẹ́ ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Ohun tí kì í bá ti í ṣe Butterfly, n kò kọ ọ́, ìbáà jẹ́ Singer. Gèlè dùn mí, mo fi í sílẹ̀.

Owó ńkọ́? Mo ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìdí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. AdSense kì í sanwó títí tìẹ yóò fi pé $100; tó bá pé, láàárín ọjọ́ 21 sí 26 oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Lórí ìkànnì tèmi, bí àwọn èèyàn bá ṣí ojúewé 1,000, ohun tó ń kù sí mi lọ́wọ́ kò ju $1.40 lọ, nítorí ibi tí wọ́n ti ń wá àti ohun tí wọ́n ń wá. Ó já sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ojúewé bíi 71,000 kí n tó rí ọgọ́rùn-ún dọ́là àkọ́kọ́. Oṣù 14 ló gbà mí. Jẹ́ ká wá fi ìwé ara ògiri rẹ sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ká pe dọ́là kan ní ₦1,500: ₦500,000 jẹ́ $333, ìyẹn sì jẹ́ ojúewé bíi 238,000 lóṣù kan. Tí ojúewé 40 bá wà lórí ìkànnì rẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ fa nǹkan bí 6,000 lóṣooṣù. O rí i báyìí? Nígbà tí èmi rí i, mo mọ̀ pé ìpolówó nìkan kò lè gbé mi débẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè lábẹ́ àròkọ mi. "Màmá, níbo ni mo ti lè ra béńtì?" Ìbéèrè yẹn kan náà ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ni mo bá ń di béńtì kan, bọ́bìnì márùn-ún àti abẹ́rẹ́ mẹ́wàá sínú ọ̀rá, mo ń fi ránṣẹ́ láti gáréèjì. Ọ̀rá yẹn ń mú owó wá ju AdSense lọ báyìí.

(Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti lẹ́tà. Tí owó rẹ bá ti pé $10, Google á fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì rẹ nínú àpò ìwé; bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí o kò tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n á dá ìpolówó dúró. Àdírẹ́sì tí èmi kọ ni "iwájú igi máńgòrò ńlá". Wọ́n ti gé igi máńgòrò náà láti ọdún tó ṣáájú. Ẹ̀bi mi ni. Kọ nọ́ńbà ilé.)

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ní kí o má gbé àfojúsùn rẹ lé owó. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Google yí bó ṣe ń to èsì padà, ọ̀pọ̀ ìkànnì kékeré ló sì jábọ́. Ní oṣù kẹta 2024 wọ́n tún yí i, wọ́n sì kéde pé àwọn ò fẹ́ ojúewé tí èèyàn ń dà jọ yanturu torí kó lè wà lókè. Ìdá mẹ́ta èrò tèmi, ọ̀kan lọ. N kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, n kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni gbé. Ká ní owó ni mo kọ sínú ìwé mi lọ́dún yẹn, màá ti fi í dá iná. Ṣùgbọ́n "ìbéèrè 20 nípa ẹ̀rọ onímọ́tò" ni mo kọ, mo sì parí rẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Ó kù sọ́wọ́ rẹ. O sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, o sọ̀rọ̀ Bitcoin, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí o ń fọwọ́ ara rẹ ṣe lójoojúmọ́, àárín gbólóhùn lo rọra fi pamọ́ sí. O ń tún fóònù ṣe! Àyẹ̀wò fóònù tuntun kọ́ nìyẹn o. Àwọn tí ilé iṣẹ́ ń gbé fóònù fún kó tó dé ọjà ló ni ìyẹn, o kò lè bá wọn dù ú. Fóònù tó ti fọ́, tó ti bọ́ sómi, tí ẹnu rẹ̀ ti kún fún ìdọ̀tí àpò, òun ni tìẹ. "Àtúnṣe fóònù" gan-an ṣì fẹ̀ jù. Mú ọ̀kan. Èmi yóò mú fóònù tí kì í gba ṣáàjì, torí mo mọ̀ pé lójúmọ́ kan, tí o kò bá rí ẹni mẹ́rin tó gbé e wá, wàá rí mẹ́ta.

Kọ èyí sínú ìwé kékeré, má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: "Ọjọ́ 90. Ìbéèrè 25 nípa itel, Tecno àti Infinix tí kì í gba ṣáàjì. Fọ́tò láti orí tábìlì mi." Méjì lọ́sẹ̀ nìyẹn, apá rẹ ká a. Oníbàárà gan-an ni kó máa fún ọ ní àkọlé: bó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu ni kí o kọ ọ́, má tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún, ṣí Search Console, má wo AdSense. Ojúewé tí Google ti fi han èèyàn 500 tí ẹnì kan ò sì tẹ̀, àkọlé rẹ̀ ni kí o tún ṣe. Èyí tí Google kò fi han ẹnikẹ́ni, bóyá kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀, fi í sílẹ̀. Èyí tó ń fa èrò, kọ mẹ́ta mìíràn tó jọ ọ́. Ti àwọn ìkànnì yòókù, má sanwó wọn mọ́ tí ọdún wọn bá pé. Ti Bitcoin, má tiẹ̀ dúró de ìgbà yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí l'Ábẹ́òkúta, ìyàwó mi sì ń ta àdìrẹ n'Ítokú. Mo fẹ́ ṣe ìkànnì nípa àdìrẹ nìkan. Ṣé Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì? Kí ni kí n fi ṣe àfojúsùn ọdún àkọ́kọ́? (Tíṣà Àgbà)

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú ìfẹ̀yìntì o. Tó bá jẹ́ owó ìpolówó lẹ ń wò, Yorùbá kò sí lára èdè tí AdSense ń gbà, ojúewé tó jẹ́ Yorùbá láti òkè délẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n kí ló kàn yín kan ìpolówó? Ọjà wà nílé yín. Ká ní èrè orí ìdì àdìrẹ kan jẹ́ ₦4,000: kí AdSense tó fún èmi ní irú owó yẹn, wọ́n á ti ṣí ojúewé mi bíi ìgbà 1,900. Ìdì kan ni mo ní o.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àfojúsùn yín jẹ́ ìdì tí ẹ tà, kí ó kéré, kí ẹ lè kà á: mẹ́wàá kí ọdún tó parí, lọ́wọ́ ẹni tó ti orí ìkànnì yẹn wá. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, torí àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Atlanta, ṣùgbọ́n kí orúkọ àwọn àwòrán dúró ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Àwòrán kan, ojúewé kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n máa ń ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó wa sí (ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹ má bínú), kí Olókun tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká rí ọwọ́ ìyàwó yín nínú fọ́tò, bó ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, bó ṣe ń fi ìko di oníko. Ẹni tó ń ra ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Ojúewé tó bá sọ ìyàtọ̀ yẹn fún un ló máa ta ìdì àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ṣé orúkọ ìkànnì tó parí sí .com ni kí n rà, àbí .com.ng? (Ọmọ Ẹdẹ)

ÌDÁHÙN: Èyí tó bá wù ọ́. Ohun tó yẹ kí o bi ẹni tó ń tà á ni iye tí wàá san lọ́dún kejì, torí ti ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà. Má sì fi ọdún sínú orúkọ náà. Mo mọ ẹnì kan tó ra èyí tí "2019" wà nídìí rẹ̀, ó ṣì ń sanwó rẹ̀ dòní.