Ó gbẹ, àmọ́ ṣé ó ti lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọkùnrin ọdún 27 ni mí. Ní bí oṣù kan ààbọ̀ sẹ́yìn, tí n bá ti ń tọ̀ ńṣe ló máa ń ta mí bí iná, ọyún sì ń yọ lójú ara. Ojú tì mí gan-an, mi ò lè lọ sọ́sibítù, ọ̀rẹ́ mi kan ló fún mi ní kápúsù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀, mo lò ó fọ́jọ́ mẹ́ta, ó sì gbẹ. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ọ̀rẹ́bìnrin mi. Ṣé dandan ni kí n sọ fún un? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kí ni màá bú ẹ fún? Àìsàn lo kó, o ò jalè. Ó dùn mí pé ìwọ nìkan lo dá gbé e mọ́ra látọjọ́ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lójoojúmọ́, ó lé ní ìgbà mílíọ̀nù 1 tí àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ń kó èyí tó ṣeé wò sàn nínú àwọn àrùn ìbálòpọ̀, nọ́ọ̀sì tó máa gba ìtọ̀ ẹ ti rí irú ẹ̀ tipẹ́ kó o tó dé.

Ohun tó o sọ yẹn jọ àtọ̀sí, àmọ́ àrùn ìbálòpọ̀ míì tó ń jẹ́ chlamydia náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà míì àwọn méjèèjì á jọ wà lára ẹnì kan, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, àfi tẹ́ẹ̀sì. Pé ó gbẹ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Àtọ̀sí lè dákẹ́ láìlọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa kòkòrò ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kò ràn án mọ́, téèyàn bá wá lo oògùn tí kò pé, àwọn tó le jù nínú wọn ló máa ṣẹ́kù. Abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ ceftriaxone ni wọ́n sábà fi ń wò ó báyìí.

Ó wá kan ọ̀rẹ́bìnrin ẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àtọ̀sí tàbí chlamydia ni kì í mọ nǹkan kan lára, kò ní ta wọ́n, kò ní yún wọn, síbẹ̀ kòkòrò yẹn lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀ wọ ilé ọmọ, á dápàá sí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá, ọ̀nà yẹn sì lè dí pa, ó lè má rọ́mọ bí mọ́, tàbí kí oyún lọ dúró síta ilé ọmọ, ìyẹn sì lè gbẹ̀mí obìnrin. Mò ń ronú nípa obìnrin tó máa wá ọmọ títí lọ́jọ́ iwájú láìmọ̀ pé ojú tó ti ẹnì kan lónìí ló fà á. Torí náà bẹ́ẹ̀ ni, dandan ni.

Má fi tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ o, ṣe é, àmọ́ má tìtorí ẹ̀ pẹ́ kó o tó sọ. Má sọ ọ́ lórí fóònù, jókòó tì í, kó o ní, “Ó jọ pé mo kó àìsàn kan tó ṣeé wò, ó lè ti wà lára ìwọ náà, jẹ́ ká jọ lọ yẹ ara wa wò.” Tó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Ta ló kó o ran ta, ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná, chlamydia lè wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ oṣù láìfura, ìjà yẹn kì í yanjú. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀yin méjèèjì, kẹ́ ẹ má bára yín sùn títí ọjọ́ 7 á fi pé lẹ́yìn oògùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ óò kàn máa kó o padà fúnra yín ni, kẹ́ ẹ sì tún tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn oṣù 3. Ní kí wọ́n yẹ HIV àti rẹ́kórẹ́kó (syphilis) náà wò. Egbò rẹ́kórẹ́kó kì í sábà dunni, á jinná fúnra ẹ̀, èèyàn á rò pé ó tán, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè kọlu ọpọlọ tàbí ọkàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, penicillin sì ń wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ṣé lóòótọ́ lèèyàn lè kó àtọ̀sí látorí tọ́ílẹ́ẹ̀tì?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Kòkòrò ẹ̀ kì í pẹ́ kú tó bá ti kúrò lára èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ojú ara ń yún yín tí nǹkan funfun tó ki ń jáde, ó lè má tiẹ̀ jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀ rárá, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi ọṣẹ fọ inú ara.

ÌBÉÈRÈ: Kọ́ńdọ̀mù ya mọ́ wa lára lálẹ́ àná, mi ò mọ̀ bóyá ó ní HIV.

ÌDÁHÙN: Èyí ò lè dúró de ìwé ìròyìn, ọjọ́ tó wọlé ni mo ti fèsì, torí ẹlòmíì ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP tó lè dènà HIV, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá ṣe tètè yá sí ló ṣe dáa sí, ọjọ́ 28 lèèyàn á fi lò ó. Tó bá jẹ́ pé oyún náà ń bà ẹ́ lẹ́rù, béèrè oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì lọ́sibítù. Má dúró di ọjọ́ Ajé, ọsibítù tó bá ṣí lálẹ́ yìí ni kó o lọ.